Abọ́ Ṣófo, Ọmọ Kò Yó

Ọ̀rọ̀ tí a ó kà lónìí kì í ṣe àlọ́ ìjàpá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ọba ayé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ abọ́ oúnjẹ kan ni. Abọ́ náà kéré. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí aró. Ó ní ìdérí tí ó máa ń dé pinpin. Ọjà Ifangni ni mo ti rà á. Abọ́ yìí kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan tí n kò rí kọ́ ní gbogbo ọdún tí mo lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí ó ṣe rí, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ ní ilé yín.

1. Ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo ń kọ́ yín ní ìwé ní alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Ní ojú ọ̀sán, aṣọ ni mo ń rán. Bàbá ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Ìparí ọ̀sẹ̀ ni ó máa ń wálé. Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọmọ wa ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún. A fi í sí ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Ilé-ìwé náà jìnnà sí ilé wa. Ẹ sì mọ bí ilé-ìwé ṣe rí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọmọ a kẹ́kọ̀ọ́ ní òwúrọ̀, wọn a sinmi ní ọ̀sán gangan, wọn a sì tún padà wọ kíláàsì ní aago mẹ́ta. Ọmọ tí ilé rẹ̀ wà nítòsí a lọ jẹun nílé. Ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà a dúró sí abẹ́ igi, a jẹ ohun tí ó bá gbé dání.

Ní ọdún 2006, ìjọba wa fagi lé owó ilé-ìwé fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba. Ọ̀pọ̀ òbí dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí a kò bá san owó ilé-ìwé mọ́, ọmọ yóò ṣì jẹun. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ tí ebi ń pa kò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Ní ọdún 2017, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ọ̀sán ńlá kan fún àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ náà lé Àjọ Ètò Oúnjẹ Àgbáyé lọ́wọ́. Ètò náà ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ọmọ tèmi ń lọ, kò sí ilé ìdáná. Oníkálukú ni ó ń di oúnjẹ fún ọmọ tirẹ̀.

2. Bí mo ṣe ń di oúnjẹ náà

Mo ti pinnu pé ọmọ mi kò ní í máa ra oúnjẹ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ọmọ kékeré tí ó ní owó lọ́wọ́, dídùn ni yóò fi rà. Mo ní èmi ni n ó máa se oúnjẹ rẹ̀ fúnra mi.

Bí a bá parí ẹ̀kọ́ yín ní alẹ́, n ó lọ sílé, n ó dáná. Nígbà mìíràn n ó se ìrẹsì. Nígbà mìíràn n ó se ìrẹsì pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, n ó bu ọbẹ̀ ata lé e lórí. Bí ó bá ti jinná, n ó bù ú sínú abọ́ aláró yẹn pẹ̀lú ooru rẹ̀. N ó dé e pinpin kí èèrà àti aláǹgbá má baà wọ inú rẹ̀. N ó gbé e sórí tábìlì, n ó sì lọ sùn. Ní òwúrọ̀, n ó gbé e sínú àpò ọmọ mi.

Ẹ rántí pé ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn tí a máa ń kà ní kíláàsì ni: «Bo oúnjẹ rẹ kí eṣinṣin má baà bà lé e.» Èmi fúnra mi ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ojú pátákó. Mo rò pé bí mo ti bo oúnjẹ náà, iṣẹ́ ti parí.

3. Ọjọ́ kìíní

Ní ọjọ́ kìíní tí ó gbé oúnjẹ náà lọ, abọ́ kún lọ, abọ́ kún bọ̀. Mo ṣí i ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mi kò jẹ ju ẹnu kan lọ.

Inú bí mi. Ó ti rẹ̀ mí láti àárọ̀. Mo ní: «Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì? Ṣé o mọ ìgbà tí mo sùn lánàá?»

Ó wò mí, ó ní: «Màmá, ó ń rùn.»

Mo ní: «Ẹnu rẹ ni ó ń rùn!» Mo sì gbá a ní ìdí. Ó sunkún títí ó fi sùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ òórùn náà. N kò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí mo ṣí abọ́ náà, òórùn kíkan ta sí mi nímú. Ṣùgbọ́n mo ro ó nínú mi pé: oúnjẹ tí ó ti wà nínú abọ́ láti àná, bí ó bá kan ní ìrọ̀lẹ́ òní, ta ni ó jẹ̀bi? Mo ní ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní ọ̀sán ni ó jẹ̀bi. N kò bi ara mi pé bóyá ó ti kan kí ọ̀sán tó tó.

Ní ọjọ́ kejì, abọ́ náà ṣófo. Kò ku horo ìrẹsì kan. Inú mi dùn. Mo yin ọmọ mi, mo fún un ní ẹja tí ó tóbi jù nínú ìkòkò. Ọjọ́ kẹta, abọ́ ṣófo. Ọjọ́ kẹrin, abọ́ ṣófo. Mo sọ fún aládùúgbò wa pé: «Ẹ wò ó, nà án lẹ́ẹ̀kan, yóò gbọ́ràn.» A jọ rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni ọ̀sẹ̀ méjì kọjá.

Àwọn nǹkan kan wà tí ó yẹ kí n fiyè sí. Bí ọmọ náà bá ti dé láti ilé-ìwé, kò ní bọ́ bàtà kí ó tó sá lọ sí ìdí agolo gààrí. A máa jẹ ẹ́ ní gbígbẹ. Ní alẹ́, a jẹun bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní ìdí rẹ̀. Mo ní ó ń ga ni. Ọmọ tí ó bá ń ga a máa tín-ín-rín.

4. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ kò wá

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, mo wà ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹnì kan wá láti ilé-ìwé, ó ní kí n máa bọ̀ kíákíá. Mo gun zémidjan lọ. Mo bá ọmọ mi lórí ẹní. Ó ti bì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Inú sì ń run ún. Ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Nígbà tí mo gbé e, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ bi mí léèrè ohun tí ó jẹ. Mo ní ìrẹsì àti ẹ̀wà tí mo sè fúnra mi ni. Ó ní: «Nígbà wo ni ẹ sè é?» Mo ní alẹ́ àná. Kò sọ ohunkóhun. Ó po omi oníyọ̀, ó fi síbí kékeré fún ọmọ náà mu díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì í, a dúró díẹ̀, a sì tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Mo fi ọwọ́ nu orí rẹ̀. Mo ní: «Ọkọ mi, kí ni ó dé? Ṣé ojoojúmọ́ ni o ń jẹ ẹ́ tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan?»

Ó ní: «N kì í jẹ ẹ́, Màmá. Ewúrẹ́ ni ó ń jẹ ẹ́.»

Mo ní: «Ewúrẹ́ wo?»

Ó ní: «Ewúrẹ́ ẹ̀yìn kíláàsì. Wọn kò wá lónìí. Mo wá jẹ ẹ́ kí abọ́ lè ṣófo.»

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, n kò mọ bí mo ṣe lè kọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára. Ọmọ náà mọ̀ pé oúnjẹ náà kò dára. Imú rẹ̀ sọ fún un, ahọ́n rẹ̀ sọ fún un. Òun náà sọ fún mi. Mo sì fi ẹgba dá a lóhùn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń fi ebi pamọ́ fún mi. Ní ọjọ́ tí ewúrẹ́ kò wá, ó bẹ̀rù mi ju oúnjẹ tí ó ti bàjẹ́ lọ.

5. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ mi

Nọ́ọ̀sì náà kò bú mi. Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé fún mi.

Ó ní àwọn kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí. Wọ́n wà nínú ìrẹsì kí a tó sè é. Bí a bá se ìrẹsì, àwọn kan nínú wọn kì í kú. Wọn a wọ inú èèpo líle tí iná kò ràn. Bí ìrẹsì náà bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀, wọn a jí, wọn a sì máa bí sí i. Àwọn kan a tu oró sínú oúnjẹ náà. Bí a bá tún gbé e kaná ní òwúrọ̀, kòkòrò lè kú, ṣùgbọ́n oró náà kì í lọ. Nígbà mìíràn, oúnjẹ kò tíì rùn tí oró ti wà nínú rẹ̀.

Ó ní oúnjẹ gbígbóná tí a dé mọ́lẹ̀ pinpin máa ń pẹ́ kí ó tó tutù. Nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn ni àwọn kòkòrò náà ti ń rí ààyè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má ṣe fi oúnjẹ sísè sílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ bí kò bá gbóná gan-an tàbí kí ó wà nínú ẹ̀rọ amómitutù. Èmi sì fi tèmi sílẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago méjìlá ọ̀sán. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Wákàtí mẹ́rìnlá ni.

Kí a tó kúrò, ó fún mi ní àwọn àpò kékeré oníyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ omi. Ó fún mi ní oògùn zinc pẹ̀lú, ó ní kí ọmọ náà máa lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ní bí n kò bá rí àpò yẹn rà ní ọjọ́ mìíràn, kí n po ti ilé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín báyìí:

Omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, lítà 1.
Ṣúgà, síbí kékeré 6. Kí ó dọ́gba, kí ó má ṣe gogo.
Iyọ̀, ìdajì síbí kékeré 1. Kí ó dọ́gba.

Ẹ má ṣe fi iyọ̀ kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iyọ̀ púpọ̀ léwu fún ọmọ. Bí ọmọ kò bá lè mu omi, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí bí ó bá ń sùn tí kò ṣeé jí dáadáa, ẹ má ṣe dúró nílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

6. Ẹni tí ó kọ́ olùkọ́

Ní ọjọ́ Ẹtì, n kò wá sí kíláàsì. Ní ọjọ́ Ajé, mo wá. Ẹ béèrè ohun tí ó ṣe mí. Àwọn kan nínú yín rántí. Mo ti múra láti sọ pé ibà ni ó ṣe ọmọ náà. Ojú ń tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ yín ní ìmọ́tótó, èmi ni mo di oúnjẹ tí ó fẹ́ẹ̀ pa ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yíjú sí pátákó, mo rí gbólóhùn yẹn níbẹ̀: «Bo oúnjẹ rẹ.» N kò lè purọ́ níwájú rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, títí kan ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Kíláàsì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀ tí ó máa ń jókòó ní ẹ̀bá fèrèsé na ọwọ́ sókè. Ẹ mọ̀ pé ìyá náà ti dàgbà. Ní ìgbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń di gègé mú.

Ó ní: «Olùkọ́ wa, ẹ má bínú. Ṣé gbígbóná ni ẹ dé e?»

Mo ní: «Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá.»

Ó mi orí. Ó ní: «Ooru tí kò bá rí ibi jáde, inú oúnjẹ ni yóò padà sí. Ọdún tí mo ti ń ta ọ̀lẹ̀lẹ̀ ju ọjọ́ orí yín lọ. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jí. N kì í se ti àná fún òní. Èyí tí mo bá ń tà, orí iná ni ó ń wà. Ìkòkò a máa hó títí èyí tí ó kẹ́yìn yóò fi tán. Bí ọ̀sán bá pọ́n tí ó ṣẹ́kù, n ó pín in fún àwọn ọmọ kí wọ́n jẹ ẹ́ lójú mi. N kì í gbé e di alẹ́. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá run oníbàárà nínú lẹ́ẹ̀kan, ọjà rẹ̀ ti tú.»

Obìnrin tí ó ń yan gààrí dá sí i. Ó ní: «Omi ni ọ̀tá oúnjẹ tí ó ń rìnrìn àjò. Gààrí tí a yan tí ó gbẹ dáadáa, ẹ gbé e dé ibi tí ó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.»

Ọkùnrin àgbẹ̀ kan náà sọ tirẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, tí òun ń bá bàbá òun lọ sí oko jíjìn, iṣu sísun, ẹja gbígbẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìyá òun máa ń dì fún àwọn. Kò jẹ́ di ọbẹ̀ fún wọn rí.

Mo ń gbọ́, ojú mi là. Ohun tí nọ́ọ̀sì fi orúkọ kòkòrò ṣàlàyé fún mi, ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n láti ìdí ààrò àti láti ojú ọ̀nà oko. Mo ti ń kọ́ yín ní lẹ́tà fún oṣù mẹ́fà. N kò béèrè ohun tí ẹ mọ̀ lọ́wọ́ yín rí. Òótọ́ ni pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Mo wá sọ ìtàn kan fún yín lọ́jọ́ náà. Ní ilẹ̀ Bangladesh, ìgbẹ́ gbuuru ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ púpọ̀. Ní ọdún 1980, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ BRAC bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé. Wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá bí a ti ń po omi oníyọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá náà kò mọ̀wé, wọn kò sì ní ohun ìwọn. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń wọn nǹkan: iyọ̀ tí ìka mẹ́ta lè mú, àti ṣúgà ìrèké tí ó kún àtẹ́lẹwọ́ kan. Láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n dé ilé tí ó ju mílíọ̀nù 12 lọ. Ọwọ́ ìyá tí kò mọ̀wé gba ọmọ là. Ìwé dára, mo ń kọ́ yín ní ìwé. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín kí ìwé tó dé.

7. Ohun tí a kọ sí ojú pátákó

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kò ka ẹ̀kọ́ tí mo ti pèsè. Ẹ̀yin ń sọ, èmi ń kọ. Ohun tí a jọ kọ nìyí:

Oúnjẹ alẹ́ kì í ṣe oúnjẹ ọ̀sán ọ̀la. Òwúrọ̀ ni kí o se ohun tí ọmọ yóò gbé lọ.

Fún ọmọ ní oúnjẹ gbígbóná kí ó tó jáde nílé. Bí ó jẹ́ ẹ̀kọ mímu àti àkàrà ni, yóò gbé e dé ọ̀sán.

Ohun tí yóò dúró di ọ̀sán, jẹ́ kí ó jẹ́ ohun gbígbẹ: gààrí, búrẹ́dì, kúlíkúlí, ẹ̀pà sísun, ẹja tí a yan gbẹ.

Gààrí nìkan kò tó. Gààrí ń fún ọmọ lágbára láti sáré, ṣùgbọ́n ẹ̀pà, ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin ni ó ń mú un dàgbà. Máa fi ọ̀kan tì í.

Fi èso sí i: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ọsàn. Fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n má ṣe bó o. Èèpo rẹ̀ ni ìdérí tí Ọlọ́run fi bò ó.

Ẹ̀pà tí ó bu funfun, tí ó korò, tàbí tí ó súnkì, dà á nù. Má ṣe fún ọmọ. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, lọ ẹ̀pà kí ó má baà há a lọ́fun.

Omi mímọ́ nínú ìgò tí ó mọ́. Gààrí tí a fi omi ìdọ̀tí rẹ, àìsàn ni.

Fi ọṣẹ fọ abọ́ lójoojúmọ́, sá a sínú oòrùn. Kọ́ ọmọ kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

Àwọn kan nínú yín béèrè nípa ìrẹsì. N kò ní tàn yín jẹ. Láti aago méje òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, wákàtí márùn-ún ni. Abọ́ lásán kò lè tọ́jú ìrẹsì fún wákàtí márùn-ún. Bí o bá ní fúláásìkì ńlá tí ń mú oúnjẹ gbóná, se ìrẹsì náà ní òwúrọ̀, da omi híhó sínú fúláásìkì náà kí inú rẹ̀ gbóná, da omi náà nù, kí o sì bu oúnjẹ sí i bí ó ti ń hó. Kí ó ṣì máa yọ èéfín nígbà tí ọmọ bá ṣí i. Bí o kò bá ní fúláásìkì, fi ìrẹsì sílẹ̀ di alẹ́, kí gbogbo ilé jọ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti epo pupa wa. Epo pupa tí a kò yọ́ dànù dára fún ojú ọmọ. Ọ̀pẹ kò wọ́n wa ní agbègbè yìí.

Nígbà tí a kọ ọ́ tán, mo fi ṣọ́ọ̀kì lé ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní kí ó wá kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ó pẹ́ kí ó tó parí. Ohun tí ó kọ ni: «Bi ọmọ.» Kò fi àmì sí i. A kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní: «Ìyá, kí ni ẹ ní kí a bi ọmọ?»

Ó ní: «Bí ó bá gbé oúnjẹ padà wálé, kí ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀. Àwa tí a ń tajà, bí oníbàárà bá fi oúnjẹ sílẹ̀, a kì í nà án. A máa ń bi í.»

8. Mo bẹ ọmọ mi

Ara ọmọ náà yá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ní alẹ́ kan, mo pè é sọ́dọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé àgbà kì í bẹ ọmọdé. Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Mo ti na án. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó kù.

Mo ní: «Ọkọ mi, o sọ òótọ́ fún mi, n kò gbọ́. Láti òní lọ, bí oúnjẹ kò bá dára, má ṣe jẹ ẹ́, má sì fún ewúrẹ́. Gbé e padà wálé fún mi. N kò ní nà ọ́.»

Ó ní: «Bí mo bá gbé gbogbo rẹ̀ padà ńkọ́?»

Mo ní: «Gbé gbogbo rẹ̀ padà.»

Ní ọjọ́ tí ó padà sí ilé-ìwé, mo fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà nílé. Mo di gààrí gbígbẹ sínú abọ́ aláró náà. Mo di kúlíkúlí lọ́tọ̀, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì àti ìgò omi tì í. Mo rán aṣọ ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé àpò rẹ̀ fún mi. Ó dúró. Mo ṣí i. Ó ti jẹ gààrí tán. Ó ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kúlíkúlí wà níbẹ̀, ó kù púpọ̀.

Mo gbé ojú sókè. Ọmọ mi kò wo abọ́. Ojú mi ni ó ń wò.

Mo ní: «O ṣeun tí o gbé e wálé. Kí ni kúlíkúlí ṣe?»

Ó ní: «Ó le, Màmá. Eyín mi kan ń mì.»

Mo yọ eyín náà wò. Lóòótọ́ ni, ó ń mì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gún kúlíkúlí náà, mo sì pò ó mọ́ gààrí. Ọjọ́ náà, abọ́ padà wálé ní òfìfo. N kò yọ̀ tààrà. Mo wo ẹnu rẹ̀, mo wo ikùn rẹ̀, mo ní: «Ṣé o yó?» Ó ní: «Mo yó.» Kò sá lọ sí ìdí agolo gààrí. Ìgbà náà ni ọkàn mi tó balẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, abọ́ tí ó ṣófo kò lè sọ fún wa pé ọmọ jẹun. Abọ́ tí ó kún kò sì lè sọ fún wa pé ọmọ jẹ́ aláìgbọràn. Abọ́ kò lẹ́nu. Ọmọ ni ó lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ó lè fi ẹnu náà bá wa sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò

1. Kí ni ìyá yìí ṣe ní ọjọ́ kìíní tí ọmọ rẹ̀ gbé oúnjẹ padà wálé? Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, kí ni ìwọ ìbá ṣe?
2. Kí ló dé tí ọmọ náà fi jẹ oúnjẹ tí ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́?
3. Sọ oúnjẹ mẹ́ta ní ọjà wa tí ó lè dúró láti òwúrọ̀ di ọ̀sán láìbàjẹ́. Sọ méjì tí kò lè dúró.
4. Báwo ni a ṣe ń po omi oníyọ̀ nílé? Sọ ọ́ láìwo ìwé.
5. Ìmọ̀ wo ni o ní láti ìdí iṣẹ́ rẹ tí olùkọ́ kò tíì bi ọ́? Wá sọ ọ́ fún kíláàsì.